Yẹ̀kínì Ọládépò àti Máńgòrò Inú Agolo

Ní àwọn ọdún tí owó yuréníọ̀mù, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Niger, ń sọ àwọn òpópónà oníyanrìn Niamey di ọlọ́dà, tí àwọn ológun tí ń ṣe ìjọba sì ń kọ́ ilé alájà lé ilé alájà, ẹ̀rọ tí ó bá ń lọ sí ibi ìwakùsà ní àríwá kì í sábà kúrò nílùú láìkọ́kọ́ wọ inú àpótí Yẹ̀kínì Ọládépò. Òun ni olórí àwọn káfíńtà ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tí àgbàlá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Katako. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kan dé, yóò yí i po, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án níhìn-ín àti lọ́hùn-ún bí ẹni tí ń wo ara màlúù tí ó fẹ́ rà, yóò sì béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà kò ti fẹ́ kí nǹkan kan án. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó mú ayùn. Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé ẹyin adìẹ tí Yẹ̀kínì bá kàn sínú àpótí lè gba ọ̀nà Agadez dé Arlit, kí ó sì di ọmọ adìẹ níbẹ̀.

Ará Ìgbòho ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ó dé Niamey lórí ẹrù obì nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú èrò pé òun yóò ṣòwò fún ìwọ̀n ọdún díẹ̀ kí òun tó padà sílé. Òwò kò gbà á. Kò lè dárúkọ iye tí òun fẹ́ ta ọjà kí ó má tún fi ẹnu ara rẹ̀ dín in kù kí oníbàárà tó fèsì. Nígbà tí obì tán, tí owó obì náà sì tán, ó wọ ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Katako láti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti rí i pé pákó kì í bá ènìyàn nájà. Ó fẹ́ Tàíbátù, ọmọ Yorùbá tí a bí ní àdúgbò Kalley, ẹni tí ń rán àpò ẹ̀fọn tí a ń ta bo ibùsùn, àti àpò ìrọ̀rí, fún títà. Àwọn ọmọ wọn àgbà ti lọ sí ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin nìkan ni ó kù sílé, Yínká, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Èdè Faransé ń yọ̀ lẹ́nu Yínká bí òróró. Yorùbá rẹ̀ ni ó ń rìn bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀.

Ohun kan wà nínú ilé tí wọ́n háyà ní Kalley tí àlejò kò lè ṣe kí ó má béèrè ìdí rẹ̀. Igi máńgòrò kékeré kan ni, nínú agolo, lẹ́bàá ìkòkò omi. Kóró máńgòrò tí Yẹ̀kínì jẹ nígbà tí ó lọ kí àwọn ará ilé ní Ìgbòho ni ó hù. Ó ti gbé inú agolo mílíìkì, ó ti gbé inú agolo tòmátì, ó sì ti di ẹni tí ń gbé inú agolo òróró. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá náà, onílé kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ. Bí òjò bá ti ń sún mọ́lé, Tàíbátù a béèrè ìgbà tí igi náà yóò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Èsì ọkọ rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Ilẹ̀ ta ni?"

Àpótí irin ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínì. Ó ń ti èbúté Cotonou bọ̀, ó tóbi bí yàrá, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sì béèrè ìṣó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yẹ̀kínì yí àkọ́kọ́ tí ó dé po, ó fi ìka lù ú, ó sì sọ fún Làmídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kan àpótí láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú, pé iṣẹ́ wọn ti parí, àti pé ẹni tí ó ṣe irin náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi pe àwọn káfíńtà àgbà sí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì. Akọ̀wé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni Àbdùlràhmàn, ọmọ ẹ̀yà Zarma tí ó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gba gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì di ó dàbọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè máa gba díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti yan ọ̀kan kò lè padà yan èkejì. Ẹni tí kò bá sì sọ ohunkóhun kí oṣù náà tó parí, owó àpapọ̀ ni wọn yóò kà fún un.

Làmídì kò jẹ́ kí Àbdùlràhmàn jókòó kí ó tó sọ pé owó àpapọ̀ ni tòun. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wo ẹ̀rọ kan tí ń fá pákó, tí oníṣòwò ará Lebanon kan fẹ́ tà. Yẹ̀kínì ní tirẹ̀ sọ pé òun yóò rò ó. Nígbà tí wọ́n jáde, Làmídì wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ Yẹ̀kínì, bí wọ́n bá ní kí o yan láàárín Párádísè àti Katako, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì."

"Bí mi ò bá wọ̀n ọ́n, ṣé ìwọ lo máa wọ̀n ọ́n fún mi?"

Ohun tí ó wà lọ́kàn Yẹ̀kínì, tí kò sọ fún ọ̀rẹ́ tàbí aya, ni pé bàbá tòun kò pẹ́ láyé. Irun rẹ̀ kò tíì funfun nígbà tí wọ́n sin ín ní Ìgbòho. Bí òun bá gbà láti máa gba owó díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀nà sì kúrú, kí ni yóò kù sọ́wọ́ Tàíbátù? Bí òun bá sì gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀nà wá gùn, kí ni àwọn méjèèjì yóò máa jẹ nígbà tí ó bá tán? Ó mọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò lè ta obì kí ó má dín owó rẹ̀ kù, báwo ni yóò ṣe jókòó ti owó ńlá tí gbogbo Kalley mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Jàfárù tí ń bá ènìyàn wá ilẹ̀ kò jẹ́ kí ó rò ó ní ìdákẹ́jẹ́. Ilẹ̀ kan wà ní Kirkissoye, lódìkejì odò, olówó rẹ̀ sì fẹ́ gba owó náà pa pọ̀. Jàfárù mú un gba orí afárá Kennedy kọjá lọ wò ó. Ilẹ̀ náà dára. Òórùn omi ń fẹ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọmọ ogun kan tí ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu afárá béèrè ohun tí wọ́n gbé. Jàfárù ní àwọn kò gbé nǹkankan, ilẹ̀ ni àwọn lọ wò. Ọmọ ogun náà ní ó dára, kí wọ́n ṣáà má gbé e gba orí afárá òun. Ní gbogbo ọ̀nà títí dé Kalley ni Yẹ̀kínì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí, Jàfárù sì rò pé ilẹ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn sí.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò le. Yínká ti fi pẹ́ńsùlù káfíńtà bàbá rẹ̀ ṣe é sórí àjákù pákó kan. Owó àpapọ̀ náà kò ju ohun tí owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta yóò kó jọ láàárín ọdún mẹ́sàn-án lọ. Bí bàbá òun bá lo ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, owó díẹ̀díẹ̀ ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Bí kò bá lò tó bẹ́ẹ̀, owó àpapọ̀ ni. Nọ́mbà kan péré ni ó kù, nọ́mbà yìí gan-an sì ni gbogbo ènìyàn ń yà fún bí ẹni ń yà fún kòtò. Nígbà tí Yẹ̀kínì béèrè èrò Àbdùlràhmàn, akọ̀wé náà ní ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run àti sọ́wọ́ Bàbá. Làmídì ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. Jàfárù ṣe èyí tí ó gùn ju ti Làmídì lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ parí rẹ̀. Àdúrà pọ̀ nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè kọ sórí pákó Yínká nínú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n jókòó yí abọ́ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà ká. Làmídì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kì í pẹ́ kí ó tó mọ ilé tí wọ́n ti se ọbẹ̀ ẹ̀pà. Yínká gbé pákó rẹ̀ lé orúnkún, ó sì fi ohùn tí ó fi ń bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ béèrè.

"Bàbá, ó ku nọ́mbà kan. Ọdún mélòó ni ẹ rò pé ẹ máa lò kí ẹ tó kú?"

Òkèlè Làmídì dúró sí agbede méjì abọ́ àti ẹnu. Ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo páànù òrùlé bí ẹni tí wọ́n ní kí ó wá tún un ṣe. Tàíbátù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Yẹ̀kínì nìkan ni kò jáwọ́ nínú oúnjẹ. Ó jẹ èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kí ó tó yíjú sí aya rẹ̀.

"Ìyá Yínká, fún ọmọ yìí lẹ́ran, kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Làmídì, ìrẹsì sì bá a jáde. Wọn kò dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì mọ́ títí tí abọ́ fi gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Tàíbátù pe Yínká kí ó wá bá òun di etí àpò ẹ̀fọn kan mú. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí ìyá ń bá ọmọ wí. Yínká ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ ibi fún bàbá òun. Ìṣirò ni, nọ́mbà kò sì burú, kò sì dára. Tàíbátù dáhùn pé èyí lè rí bẹ́ẹ̀ nípa nọ́mbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọdún tí ó kù fún bàbá ẹni kì í ṣe ara wọn.

"Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ ọ́n, Màmá?"

"Má béèrè ìgbà tí yóò lọ. Béèrè ohun tí ó ṣì fẹ́ ṣe. Á sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀."

Tàíbátù fi òwú rán díẹ̀ sí i kí ó tó tún la ẹnu. Òun náà ní ìbéèrè kan, ó ní, èyí tí òun kò lè gbé síwájú ọkọ òun, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun ń retí ohun tí òun kò retí. Bí ó bá jẹ́ owó díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yàn, tí ọjọ́ kan sì wá dé tí bàbá Yínká kò sí níbẹ̀ láti gbà á, ṣé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn? Kò wo ojú ọmọ náà bí ó ti ń sọ ọ́. Yínká rántí bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ń fi ìpinnu náà falẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó rí i pé ẹ̀rù kan náà ni ó ń ba àwọn òbí òun méjèèjì, àti pé olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ pamọ́ fún èkejì. Nígbà tí wọ́n rán àpò ẹ̀fọn náà tán, ó wọ bàtà, ó sì lọ bá Àbdùlràhmàn ní búrò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú òpin oṣù ni ó lo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ń bomi rin máńgòrò nínú agolo. Yínká bá a gbá ewé gbígbẹ tí ó bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, tí a bá gbin igi yìí sílẹ̀ lọ́dún yìí, ìgbà wo ló máa so?"

"Á tó ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Máńgòrò Ìgbòho kì í kánjú."

"Tí ó bá so, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ fún?"

"Ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà Làmídì, kí n lè rí ìsinmi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Yẹ̀kínì gbé kèrègbè omi sílẹ̀. Ó wo igi náà bí ó ti máa ń wo ẹ̀rọ tí ó fẹ́ kan àpótí fún.

"Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ á ti máa gùn ún. Ọmọ tí kì í gbọ́ràn ni, ìwọ lo kúkú máa bí i. Èmi á wà lórí àga nísàlẹ̀, màá ní ẹ̀ka yẹn kò lágbára, kò ní dá mi lóhùn. Màá bá dìde sí i pẹ̀lú ọ̀pá."

"Ẹ máa lè dìde?"

"Kí ló máa ṣe mí?"

Yínká kò ní pákó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tí ń ka nǹkan. Ọdún mẹ́fà kí igi tó so. Òun kò tíì lọ́kọ. Ọmọ náà ní láti wáyé, kí ó rìn, kí ó dàgbà tó ẹni tí ń gun igi, kí ó sì tún dàgbà tó ẹni tí ń ṣàìgbọràn sí bàbá àgbà. Ọdún mẹ́sàn-án ti wà lẹ́yìn, ó jìnnà. Yẹ̀kínì rí ètè rẹ̀. Kò ṣòro fún un láti mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

"Ó pé?" ni ó béèrè.

"Ó pé, Bàbá. Ó tilẹ̀ ṣẹ́kù."

Yẹ̀kínì mú kèrègbè rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Músíọ̀ Àbdùlràhmàn ní ìdajì á máa wá fún Màmá."

"Ìdajì. Láti ìgbà wo?"

Yínká wá Yorùbá inú rẹ̀ kiri. Bàbá rẹ̀ dúró dè é, kò ràn án lọ́wọ́.

"Láti ìgbà tí ó bá ti rẹ̀ yín láti máa rìn lọ sí búrò."

Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín títí tí Tàíbátù fi jáde sí àgbàlá tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láti wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ọmọ náà.

"Ọmọ yìí ti gbọ́ Yorùbá," ó sọ fún un. "Ìyá Yínká, owó títí ayé ni mo fẹ́ gbà. Tìrẹ náà wà níbẹ̀, ó ti lọ béèrè."

 Tàíbátù ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó tètè rẹ̀ ẹ́ láti rìn, ó sì padà sínú ilé. Wọ́n gbọ́ tí ó ń kọrin sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Yẹ̀kínì fọwọ́ sí i ní búrò. Ìgbà ooru ni, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Fáànù Àbdùlràhmàn ń yí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ kan yàrá sí èkejì. Akọ̀wé náà sọ fún un pé ní irú àkókò yìí lọ́dọọdún, kí ó máa fi ara rẹ̀ hàn ní búrò. Ó wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ìdí rẹ̀ fún àgbàlagbà, kò rí i, ó wá ní kí àwọn ṣáà lè máa kí ara àwọn ni. Yẹ̀kínì ní ó dára, wọn yóò máa rí òun títí tí yóò fi sú wọn.

Ilẹ̀ tí Jàfárù wí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yẹ̀kínì padà sí Kirkissoye láti tún òórùn omi náà gbọ́, ó bá àgbẹ̀ kan pàdé, Zarma tí wọ́n ń pè ní Sùlù, tí oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ dé etí odò. Sùlù fẹ́ ta igun kan níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀. Bí owó ńlá bá wọ ilé òun lọ́sàn-án, ó ní, gbogbo ẹbí òun ni yóò ti bẹ̀ òun wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Yẹ̀kínì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì yé ara wọn.

Igi ni ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ náà. Yẹ̀kínì fi ayùn irin gé agolo òróró kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ kí ó má baà já a, ìyàwó rẹ̀ sì di ara igi náà mú bí ẹni gbé ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá kan dé, ó pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Pákó àpótí tí ilé-iṣẹ́ kò nílò mọ́ ni ó fi kan gbogbo ilẹ̀kùn. Títí di òní, ọfà dúdú kan wà lára ilẹ̀kùn iyàrá Tàíbátù, tí ń tọ́ka ibi tí ó yẹ kí ó wà lókè. Òkè náà ni ó sì ń tọ́ka. Yẹ̀kínì kì í ṣe ẹni tí yóò gbé e kọ́ sódì.

Làmídì náà kò kábàámọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fá pákó ní Katako láti òwúrọ̀, ó ní àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń di díẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ náà. Bí ó bá kọjá wá sí Kirkissoye, yóò kígbe láti ìta pé òun lòun yan èyí tí ó dára jù. Yẹ̀kínì yóò kígbe padà pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé kò ní gbọ́ bí ó bá sọ ohun mìíràn. Nígbà tí owó yuréníọ̀mù já wálẹ̀, tí àwọn ilé alájà kan sì dúró láìní òrùlé, owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń dé.

Ní ọdún tí igi náà so, Yẹ̀kínì mú èso àkọ́kọ́ fún Tàíbátù, ó mú èkejì fún Làmídì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí. Nígbà tí àkókò àtifi ara hàn tó, ó gbé ìyókù sínú abọ́ kan, ó sì gba orí afárá kọjá lọ sí búrò. Àbdùlràhmàn, tí irun tirẹ̀ náà ti ń ní funfun nínú, ń wá òǹtẹ̀ lábẹ́ ìwé. Yẹ̀kínì gbé abọ́ náà ka orí ìwé náà.

"Kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan ná. Bí ó bá dùn, ìgbà náà ni kí o kọ ọ́ pé mo ṣì wà láyé."

Akọ̀wé náà jẹ ẹ́ títí dé kóró, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀. Ó béèrè bóyá Bàbá yóò tún mú un wá lẹ́ẹ̀mìíràn.

Yínká ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ kò tíì rìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ ní Kirkissoye, ìdí igi náà ni yóò rá lọ tààrà. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ṣì ga jù ú lọ fíìfíì. Yẹ̀kínì ti gbẹ́ ọ̀pá kan sílẹ̀ ná, ó fi yanrìn dán an, ó sì fi í ti ara igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.